Káàdì Àfọwọ́ṣe: Bí A Ṣe Lè Sọ Ohun Tí Ọwọ́ Wa Fẹ́ràn Di Òwò Inú Ilé

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí púpọ̀ nínú wa ń fi ṣeré, tí a kò sì mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Bí ọdún Ìléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń rí àwọn arábìnrin àti arákùnrin tí wọ́n á jókòó ti bébà, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe káàdì ìkíni fún òbí, olùkọ́ àti ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá gbà á yóò yìn ín, yóò gbé e sókè wò, yóò sì wí pé, "Ẹ bá mi ṣe irú èyí fún ìyá mi náà." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú àwọn tí a ń wí yìí, a rí ẹni tí ó ti jáde ilé-ìwé tí kò tíì ríṣẹ́, a rí ìyálọ́mọ tí kò lè fi ọmọ jòjòló sílẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, a sì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ fún owó ọkọ̀. Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ a lè sọ ìfẹ́ tí a ní sí káàdì àfọwọ́ṣe di òwò inú ilé tí ó mọ́, láìyá owó èlé, láìṣe ìlérí tí a kò lè mú ṣẹ? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, òwò ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó kàn fẹ́ràn iṣẹ́ lè fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe káàdì kan. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ mọ iye wákàtí tí ó lò.

ÀPẸẸRẸ KAN LÁTI ILẸ̀ AMẸ́RÍKÀ

Ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n ti bí obìnrin kan tí ń jẹ́ Esther Howland ní ọdún 1828. Bàbá rẹ̀ ń ta ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Esther parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Mount Holyoke ní ọdún 1847. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni káàdì ìfẹ́ aláràbarà kan tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó sì rò ó pé òun lè ṣe èyí tí yóò dára jù ú lọ. Ó ṣe méjìlá péré, arákùnrin rẹ̀ tí ó ń polówó ọjà bàbá wọn káàkiri ìlú sì kó wọn dání. Ohun tí Esther ń retí ni pé kí àwọn oníbàárà béèrè ọjà tí yóò tó 200 dọ́là. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ padà dé, èyí tí wọ́n béèrè fún lé ní 5,000 dọ́là.

Kí ni ọmọbìnrin náà ṣe? Kò sáré lọ háyà ilé ńlá. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin jọ sínú yàrá kan ní ilé bàbá rẹ̀, ó sì pín iṣẹ́ fún wọn: ẹnì kan ń gé, ẹnì kan ń to òdòdó, ẹnì kan ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe àpẹẹrẹ tí àwọn yòókù ń wò ṣe, òun náà ni ó sì ń yẹ iṣẹ́ wò kí ó tó jáde. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni òwò náà fi wà nínú ilé, kí ó tó kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1879. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó tẹ ìwé kan jáde tí ọ̀rọ̀ ìkíni 131 wà nínú rẹ̀, kí oníbàárà tí ọ̀rọ̀ inú káàdì kan kò bá wù lè yan òmíràn tí wọn yóò lẹ̀ sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó ta òwò náà, kí ó lè ráyè tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọjọ́ olólùfẹ́ tí wọ́n ń ṣe àwọn káàdì wọ̀nyẹn fún kì í ṣe ọdún tiwa, kì í sì í ṣe ìyẹn ni a ní kí ẹ kọ́. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Èkíní, méjìlá ni ó kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Èkejì, ó jẹ́ kí àwọn oníbàárà béèrè kí ó tó kó owó sórí ohun èlò. Ẹ̀kẹta, ó pín iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò pín àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹrin, ó fi ọ̀rọ̀ inú káàdì sí ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á.

KÁÀDÌ WO NI Ó KÙ TÍ ÈNÌYÀN YÓÒ RÀ?

Kí a má tan ara wa jẹ. Ìkíni orí fóònù ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe nígbà kan. Ẹni tí ó fẹ́ sọ "ẹ kú ọdún" fún ogójì ènìyàn lónìí, WhatsApp ni yóò lò, kò ní ra káàdì ogójì. Ohun tí fóònù kò lè ṣe ni kí a máa tà: ohun tí ènìyàn yóò fi ọwọ́ gbà, tí yóò gbé sórí tábìlì, tí yóò sì tọ́jú pamọ́ títí di ọjọ́ alẹ́.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n láàárín wa. Yìgì síso wà, ìsọmọlórúkọ wà, wòlímọ̀ Àlùkùrání wà, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wà, àbọ̀ Mẹ́kà wà, ìdágbére fún olùkọ́ tí ó ń fẹ̀yìn tì náà wà. Kí ẹni tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ mú ẹyọ kan tàbí méjì nínú wọn, kí ó sì ṣe é kí ó dá a mọ̀.

Ohun mìíràn ni pé kí káàdì wa jọ tiwa. Ìrépé àńkárá àti àdìrẹ wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ, tí wọ́n ń gbá dànù. Bí ẹ bá bẹ̀ wọ́n, wọn yóò máa dà á sínú àpò kan fún yín. Àdìrẹ Abẹ́òkúta tí a gé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, tàbí etí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, tí a lẹ̀ mọ́ ojú bébà funfun, kò sí irú rẹ̀ nínú káàdì tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà sì jẹ́ ti ilé. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ bí ìbejì yóò mọ adùn "Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́hun yóò dá wọn sí" ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn lọ.

OHUN ÈLÒ ÀTI ÌWỌ̀N RẸ̀

Bébà kádíbọ́ọ̀dù ni ìpìlẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ gíráàmù 200 sí 250 sí lára ni ó dára. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè dúró lórí tábìlì. Bí ó bá sì nípọn jù, yóò sán níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ. Ní Èkó, àdúgbò Ṣómólú tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí jẹ́ ibi tí a ti lè rí onírúurú rẹ̀.

Ìwé A4 gùn ní mìlímítà 297, ó sì fẹ̀ ní 210. Bí a bá gé e sí ọgbọọgba méjì, tí a sì ṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan po, káàdì méjì ni yóò fún wa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gùn ní mìlímítà 148, tí yóò sì fẹ̀ ní 105. Àpò ìwé tí wọ́n ń pè ní C6, tí ó jẹ́ 162 sí 114, ni ó gbà á dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ra àpò ìwé kí ẹ tó gé bébà. Káàdì tí kò bá rí àpò wọ̀, ìnira ni fún ẹni tí ó ṣe é.

Kí a tó ṣẹ́ bébà po, kí a fi rúlà àti ẹnu bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí i. Bébà ní ìhà tí ó rọrùn láti ká. Ẹ ká a díẹ̀ síhìn-ín, ẹ ká a díẹ̀ sọ́hùn-ún, láì ṣẹ́ ẹ. Ìhà tí kò bá ṣagídí ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Kí gọ́ọ̀mù má pọ̀, nítorí omi inú rẹ̀ ni ó ń mú kí bébà hunjọ. Ẹ fi ìwé tí ó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ní ti aṣọ, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ ra ojú ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ó gbẹ kí ẹ tó gé e, kí fọ́nrán rẹ̀ má baà máa tú. Nígbà òjò, inú ọ̀rá ni kí ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí.

IYE TÍ A Ó TÀ Á

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ jẹ́ kí a fi iye àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò, nítorí owó ọjà ń yí padà. Kí oníkálukú fi iye tí ó ra tirẹ̀ rọ́pò.

Ká ní bébà A4 mẹ́wàá, àpò ìwé ogún àti gọ́ọ̀mù gba ₦6,000. Káàdì ogún ni bébà mẹ́wàá yóò fún wa, ṣùgbọ́n ká ní méjì bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, 18 ni ó kù fún títà. Bí a bá pín ₦6,000 sí 18, nǹkan bí ₦333 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní owó ọkọ̀ lọ sí ọjà jẹ́ ₦1,800, ₦100 nìyẹn lórí káàdì kan. Bí káàdì kan bá gba ìdajì wákàtí, tí a sì ka wákàtí wa sí ₦600, owó iṣẹ́ jẹ́ ₦300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦733. Bí a bá tà á ní ₦900, èrè ₦167 ni yóò kù tí a ó fi mú òwò náà gbòòrò. Ẹni tí ó tà á ní ₦500 lè máa yọ̀ pé owó wọlé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohun èlò àti ọkọ̀ ti gba ₦433, ₦67 péré ni ó fi ta ìdajì wákàtí òógùn rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé owó ohun èlò káàdì ogún ni a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí ó kan owó èlé níbẹ̀. Owó tí a rí nínú ogún àkọ́kọ́ ni kí a fi ra ohun èlò ti ìkejì.

ÌLÉRÍ ÀTI GBÈSÈ

Káàdì ìpè tí ó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti so yìgì tán, bébà lásán ni. Nítorí náà, kí a tó sọ pé "ó ti parí", kí a ṣírò. Bí káàdì kan bá gba ìdajì wákàtí, tí a sì ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, mẹ́fà ni a lè ṣe lójúmọ́; ọgọ́rùn-ún yóò gba ọjọ́ 17. Bí oníbàárà bá fẹ́ ẹ ní ọjọ́ mẹ́wàá, kí a pe ẹlòmíràn mọ́ra kí a sì san owó rẹ̀ fún un, tàbí kí a sọ òótọ́ fún oníbàárà náà pé apá wa kò ká a. Ẹni tí a sọ òótọ́ fún yóò padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí a já kulẹ̀ lọ́jọ́ yìgì rẹ̀ kò ní gbàgbé, ìdílé rẹ̀ kò sì ní gbàgbé pẹ̀lú.

Kí a gba ìdajì owó kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì ní ìwé kékeré kan tí a ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: orúkọ, iye káàdì, ọjọ́ tí ó fẹ́ ẹ, iye tí ó san, iye tí ó kù. Āyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùrání, āyà 282 nínú Sūratul-Baqara, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Kí ojú má ti wa láti kọ ọ́ níwájú ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ "ọmọ ẹgbẹ́ ni wá" jẹ òógùn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Púpọ̀ nínú òwò àwọn ọ̀dọ́ wa kì í ṣe ọ̀tá ni ó pa á, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò san owó ni.

KÀLẸ́ŃDÀ WA

Ọdún Hijra jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ti òyìnbó. Ìdí nìyí tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Ìléyá fi ń tètè dé lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá ń fi oṣù òyìnbó ti èṣí ka tirẹ̀ yóò pẹ́. Oṣù Rajab ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ káàdì ọdún, kí àpẹẹrẹ ti wà lójú àwọn oníbàárà ní Ṣaabani, kí òru mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan lè jẹ́ ti ìjọsìn, kì í ṣe ti gọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ kìíní Shawwal sí ọjọ́ kẹwàá Dhul-Hijja, oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Ẹ má sì kọ ọdún sára káàdì, kí èyí tí ó bá ṣẹ́kù lè ṣe é tà lọ́dún tí ń bọ̀.

OHUN TÍ A Ó ṢỌ́RA FÚN

Ọ̀pọ̀ káàdì ìpè ni ó ń bọ́ sórí àkìtàn lẹ́yìn ìnáwó. Kò yẹ kí orúkọ Ọlọ́hun tàbí āyà Àlùkùrání bá wọn débẹ̀. Àdúrà ní èdè Yorùbá tó fún irú káàdì bẹ́ẹ̀. Èyí tí a bá kọ Lárúbáwá sí, kí ó jẹ́ èyí tí ènìyàn yóò gbé kọ́, kí a sì fi han ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ kí a tó tà á. Àmì kan nísàlẹ̀ ni ó ń jẹ́ "bā", méjì lókè ni ó ń jẹ́ "tā". Bákan náà, kí a má jí àwòrán ẹlòmíràn kọ. Ọnà ara wa ni kí a tà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÓKÒÓ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni ìdí tí Esther Howland fi ṣe méjìlá péré ní ìbẹ̀rẹ̀? Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ni ó kọ́kọ́ ṣe?
2. Káàdì wo ni àwọn ènìyàn àdúgbò yín ṣì lè fi owó rà, ta sì ni yóò rà á?
3. Kí oníkálukú ṣe káàdì mẹ́ta kí ìjókòó tí ń bọ̀ tó dé. Kí ó kọ iye ohun èlò àti iye wákàtí tí ó lò sílẹ̀, kí a jọ ṣírò iye tí ó yẹ kí ó tà á.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí a jẹun níbi òógùn wa. Àmín.