Ìkarùn-ún Ni Kí O Fi Sí I

Wá jókòó tì mí níbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí o gbé láptọ́ọ̀pù yẹn sún mọ́ mi. O pè mí láti Alief ní Houston lọ́sẹ̀ tó kọjá pé o ti kọ array tó ń fẹ̀ fúnra rẹ̀ ní èdè C, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Inú mi dùn, mo ṣàdúrà fún ọ. Àfi ìgbà tí mo bi ọ́ pé ìdánwò rẹ̀ dà, tí o bú sẹ́rìn-ín. Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?

O ní o kó nọ́ńbà mẹ́ta sínú rẹ̀, o sì bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Àyè mẹ́rin lo là sílẹ̀ fún un! Kí lo wá dán wò? Ìkarùn-ún ni kí o fi sí i. Ibẹ̀ ni realloc ti máa wọlé, tí á wá àyè mẹ́jọ, tó sì lè kó gbogbo ẹrù lọ síbòmíràn. Ìgbà yẹn ni kí o fi assert bi í léèrè: ṣé mẹ́rin àkọ́kọ́ ò yí padà? Ṣé iye rẹ̀ ti di márùn-ún? Bí o bá sì ti tọ́jú àdírẹ́sì ẹyọ kan ṣáájú, má fọkàn tán an mọ́. Àfi bíi kí ìwọ ti kó lọ sí Katy, kí èmi ṣì máa kanlẹ̀kùn rẹ ní Alief.

Wo ìlà yìí ná: arr = realloc(arr, n). Áà, ọmọ mi! Bí mẹ́mọ́rì bá tán, NULL ni realloc máa dá padà, ẹrù àtijọ́ á sì wà níbi tó wà. Ìwọ ti wá fi NULL pa àdírẹ́sì rẹ̀ rẹ́. O ò lè lò ó mọ́, free náà ò sì rí i mú. Orúkọ mìíràn ni kí o fi gba èsì, kí o yẹ̀ ẹ́ wò, kí o tó gbé e fún arr. O ní mẹ́mọ́rì kì í tán lórí ẹ̀rọ rẹ. Ṣe realloc tìrẹ nígbà náà, tí á máa sọ pé àyè ti tán, kí o fi dán an wò.

Ní Houston tí o ń gbé yìí ni wọ́n ti ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ní July 20, 1969, bí Apollo 11 ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ké ìkìlọ̀ 1202: àyè iṣẹ́ inú rẹ̀ ti kún. Steve Bales, ọmọ ọdún 26, ló máa sọ bóyá kí wọ́n padà. Jack Garman, ọmọ ọdún 24, ló sọ fún un pé kò séwu. Báwo ló ṣe mọ̀? Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti yọ nígbà ìfidánrawò kan ṣáájú, Bales sì ti dá wọn padà láìnídìí. Gene Kranz, ọ̀gá wọn, bá pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ gbogbo ìkìlọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Garman fọwọ́ kọ tirẹ̀ sórí ìwé. Àṣìṣe ìfidánrawò yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú òṣùpá.

Mi ò bínú sí ọ, orí rẹ pé. Ẹ̀fọ́ wà lórí iná. Kọ ìdánwò ìkarùn-ún yẹn, kọ ti NULL, kí o fi Valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe mẹ́mọ́rì, yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí n fojú ara mi rí i. Lẹ́yìn náà, a ó jẹun.