Ẹni Tó Bá Lé Eku Méjì

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rí oníṣòwò tuntun tó pín owó ìpolówó táṣẹ́rẹ́ sí Google, Facebook àti YouTube lọ́jọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó ti tán, kò sì mọ èyí tó mú oníbàárà wá nínú wọn. Ní ti ìpolówó orí Google, ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ owó. Ó rà ni o, kò rà ni o, owó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé e sí fi ṣe kókó.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé àwọn èèyàn ń wá ohun tí mò ń tà, àbí ojú wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i? Ẹ wo ẹni tó ń tún inverter ṣe n'Íbàdàn. Ẹni tí inverter rẹ̀ kú lálẹ́ kò ráyè àwòrán Instagram; "inverter repair Ibadan" ni yóò tẹ̀ sórí Google. Ibẹ̀ ni kí owó wà. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, ojú ló ń rà á. Ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó lè má mọ àwọ̀ tó wù ú títí yóò fi rí i. Instagram ni kí aláṣọ òkè gbà lọ, kí ìpolówó rẹ̀ sì gbé oníbàárà lọ tààrà sí WhatsApp, níbi tí wọn yóò ti dúnàádúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ mú Google, ẹ fara balẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣètò rẹ̀. Àpótí kékeré méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń máàkì sílẹ̀ de èèyàn: Search Partners àti Display Network. Ẹ yọ méjèèjì. Èkejì ló ń dùn mí jù, torí ó ń gbé ìpolówó lọ sórí àìmọye ìkànnì àti áàpù, títí kan géèmù tí ọmọdé ń fi ṣeré lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ìka ọmọ á ṣèèṣì kàn án, owó yín á lọ.

Ó tún ku ibì kan tó fara sin. Bí ẹ bá mú Ìbàdàn ní ibi tí ìpolówó yín yóò dé, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ ni pé ẹni tó kàn fi ìfẹ́ hàn sí Ìbàdàn náà lè rí i. Ẹni tó wà ní London lè tẹ̀ ẹ́, kò sì ní gbé inverter wá bá yín. Ẹ ṣí Location options, kí ẹ mú Presence. Aláṣọ òkè ní tirẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ mú Peckham ní London lórí Instagram, torí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ń ṣe ìnáwó. Kó sáà ti ṣírò owó tí yóò fi fi ọjà ránṣẹ́.

Bí owó ti mọ ni oògùn ń mọ. Google lè ná ìlọ́po méjì iye tí ẹ dá fún ọjọ́ kan, àmọ́ lóṣù kò ní gbà ju ìlọ́po 30.4 rẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ mọ iye tó lè lọ lóṣù tí ọjà kò ní dẹnu kọlẹ̀, kí ẹ sì fi 30.4 pín in.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣí Search terms, kí ẹ ka ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an. Ẹ óò rí ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ óò rí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi "job", "training" àti "free" sínú negative keywords, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ìpolówó yín jáde fún. Ẹ sì máa bi gbogbo ẹni tó bá pè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí wa?" Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ìgbà tí ìwé yẹn bá fi hàn pé èrè tó ti ọ̀dọ̀ Google wá ju owó tí ẹ ná lọ ni kí ẹ tó ronú kan Facebook.