Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ lórí àtẹ ní ọjà Adjamé Roxy ní Côte d'Ivoire, tí ojoojúmọ́ ò ń rí bí wọ́n ṣe ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sílẹ̀ ní ọjà Gouro, tí ọkàn rẹ sì ti wà ní ọ̀nà Azaguié níbi tí o fẹ́ gba oko sí, inú mi dùn sí èrò rẹ gan-an. Ṣùgbọ́n jókòó tì mí ná, nítorí ọ̀tá tí o máa bá lóko kì í ṣe èyí tí ojú ń rí.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Aràn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Radopholus similis, inú gbòǹgbò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lu ihò sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bí sí i, ewé á sì máa tutù lókè bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, títí ọjọ́ tí òjò oníjì kan yóò dé, tí igi yóò wó lulẹ̀ tòun tèso tí kò tíì gbó.

Àgbẹ̀ tó ń kánjú á sáré lọ da oògùn olóró sílẹ̀. O mọ oògùn tí wọ́n ń tà lójú títì ní Roxy, tí aláìsàn ń gbé mì láìjẹ́ pé dókítà yẹ ara rẹ̀ wò; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn tí a dà sílẹ̀ láìwádìí, ó lè pa ọ̀rẹ́ mọ́ ọ̀tá. Ilẹ̀ ní ọmọ ogun tirẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yà olú tín-ín-rín kan wà, Purpureocillium lilacinum, tó jẹ́ pé ẹyin aràn ni oúnjẹ rẹ̀. Bakitéríà kan sì wà, Pasteuria penetrans, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara aràn mìíràn, èyí tó ń mú gbòǹgbò so kókó, tí kò sì ní jẹ́ kó bímọ mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀: inú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ gbìn gan-an ni aràn ń bá wọ oko tuntun. Àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn kọ́ àgbẹ̀ pé kí ó gé gbòǹgbò ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dànù, kí ó fi ọ̀bẹ họ ìdí rẹ̀ títí yóò fi funfun, kí ó sì rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá 30 péré. Níbí ní Côte d'Ivoire, àwọn olùwádìí kọ ọ́ ní 1983 pé bí a bá fi omi bo ilẹ̀ àbàtà oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, ó ń ṣẹ́gun aràn Radopholus bí ẹni pé ilẹ̀ náà ti sinmi fún nǹkan bí ọdún kan.

Nítorí náà, kí o tó san owó oko tí wọ́n ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n jẹ́ kí o hú ìdí kan, kí o la gbòǹgbò rẹ̀ gbọọrọ. Bí inú rẹ̀ bá funfun, dúpẹ́. Bí ó bá pọ́n tàbí tó bá dúdú, má gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò yè, wàá gbìn, wàá sì kórè.