Tò Ó, Kó O Pamọ́, Tọ́jú Rẹ̀: Iṣẹ́ Mẹ́ta Ni

Àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi ike ṣe ọkọ̀ òfúrufú, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ogun kéékèèké, kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe fún ìgbádùn ara wọn. Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Tamiya ti ilẹ̀ Japan wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú páálí. Ìdá kan nínú 72 wà lára ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù: ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 kò ní ju íǹṣì 1 lọ nínú rẹ̀. Ẹ wá wo bí táyà tàbí àga awakọ̀ yóò ṣe kéré tó. Ẹni tí kò bá mọ ohun èlò bẹ́ẹ̀ í bójú tó kò lè bá iṣẹ́ náà débì kan. Èdè tí a fi ń sọ ọ́ ló kàn mí níbí. ‘Kó o pamọ́’ tàbí ‘ṣètò rẹ̀’ ló máa ń yọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa fún gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, Yorùbá sì ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: à ń to nǹkan, à ń kó nǹkan pamọ́, a sì ń tọ́jú nǹkan. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ló sọ nù. Ohun tó fẹ́ pa mọ́ gan-an lè bàjẹ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ‘tò’. A ń to igi ìdáná, a ń to àwo, a ń to búlọ́ọ̀kù, aláta sì ń to ata lórí àtẹ. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé nǹkan kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ létí èkejì, ojú sì rí i. Bí oníṣẹ́ ọwọ́ bá gbé ọ̀dà rẹ̀ kalẹ̀ láti orí funfun dé orí dúdú, tí nọ́ńbà ara ìgò kọjú síta, ó ti to ọ̀dà rẹ̀ nìyẹn. Ẹlòmíì á ní ṣebí inú ‘tò’ náà ni ‘ètò’ ti jáde, kí ló wá burú bí a bá ní ó ṣètò ọ̀dà? Òótọ́ ni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Àmọ́ ‘ètò’ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ètò ìsìnkú, ètò ìṣúná, ètò orí rédíò: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ẹnu tàbí bébà là sílẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Èèyàn lè ṣètò ọ̀dà rẹ̀ lónìí, kó mọ iye tó máa rà àti èyí tó máa kọ́kọ́ lò, kí ìgò ṣì wà ní wúruwùru lórí tábìlì. ‘Tò’ kò fàyè gba ìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá ń kọ ọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ní, ó sì ń dúró bẹ́ẹ̀ níwájú arọ́pò-orúkọ: ‘tò ó’, ‘tò wọ́n’. Níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, ó di ohùn àárín, ‘to ìgò’, bí ‘rà’ ṣe ń di ‘ra’ nínú ‘ra aṣọ’. ‘Tò ìgò’ tí àwọn kan ń kọ kò tọ̀nà.

‘Kó pamọ́’ yàtọ̀. Ojú kò ní láti rí ohun tí a kó pamọ́. Kó ṣáà ti kúrò lọ́nà, kó sì wà níbi tí ọwọ́ ti máa bà á lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Irú rẹ̀ ni ẹ̀yà tó bá ṣẹ́ kù nínú páálí lẹ́yìn tí ọkọ̀ kan bá parí. Àwọn oníṣẹ́ yìí kì í dà wọ́n nù. Wọ́n á kó wọn sínú àpótí kan de ọkọ̀ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sára àpótí náà, ‘àṣẹ́kù’ ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ‘àlòkù’. Àlòkù ni ohun tí ẹnì kan ti lò rí, bí àlòkù mọ́tò. Ẹ̀yà wọ̀nyí kò tíì kan ara ọkọ̀ kankan. ‘Kó’ fúnra rẹ̀ sì ń béèrè pé kí nǹkan pọ̀. Ẹyọ abẹ kan, mímú là ń mú un. Àpótí tó wúwo, gbígbé là ń gbé e. Agolo 10, kíkó là ń kó wọn. Ohun tó ń ṣàn tó ní láti gba ẹnu tóóró wọlé, rírọ ni: a ń rọ ọ̀dà sínú ìgò. Òwú, kíkì là ń kì í sí àárín ẹ̀yà ẹlẹgẹ́ kó má baà kán. Bébà àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí a má ká a. Gbogbo èyí ni ‘fi sí’ kan ṣoṣo ń gbé mì lóde òní.

‘Tọ́jú’ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Aláìsàn là ń tọ́jú, ọmọ là ń tọ́jú, arúgbó là ń tọ́jú: ohun tí ipò rẹ̀ lè yí padà bí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dà àti gúlù wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Gúlù tó ń múni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tó dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1958, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan. Ẹni tó bá kó o pamọ́ láì pa ẹnu rẹ̀ dé dáadáa, gúlù tó ti le bí òkúta ló máa bá. Àwọn kan ń gbé e sínú fíríìjì; ó dára, ṣùgbọ́n kí òtútù ara rẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrì á sẹ̀ sí i. Ti ọ̀dà inú agolo tún gba ìmójútó. Ẹni tó bá kùn ún tán gbọ́dọ̀ fi àkísà nu etí agolo kó tó dé e. Bí ọ̀dà bá gbẹ sí etí yẹn, ìdérí kò ní wọlé délẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ wọlé, ojú ọ̀dà á sì di awọ. ‘Dé’ ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ‘bò’: a ń dé ìkòkò àti agolo, aṣọ la fi ń bo tábìlì kí eruku má baà bà lé e. Kò sí èyíkéyìí nínú ìtọ́jú yìí nínú ‘kó o pamọ́’. Ohun tí a kó pamọ́ lè wà níbẹ̀ fún ọdún 3 láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a ń tọ́jú kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni gbogbo èyí. Àmọ́ onílẹ̀kẹ̀ tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀ àti télọ̀ tó ń kó bọ́tìnì pamọ́ kò lo ọ̀rọ̀-ìṣe tó yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Àtakò tó lágbára jù ni pé èdè ń yí, pé ọmọ tó ní ‘páàkì ẹ̀ síbẹ̀’ ti sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ sì ti gbọ́. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Gúlù, táyà, fíríìjì: ohun náà bá orúkọ rẹ̀ dé, a gbà á, ó ti di tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ‘páàkì’ bá gba ipò tò, kó, rọ, kì, dé àti tọ́jú, mẹ́fà ló jáde kí ẹyọ kan tó wọlé. Ẹni tí wọ́n ní kó ‘páàkì ọ̀dà yẹn’ ṣì máa béèrè bóyá kí òun tò ó ni, àbí kí òun kó o kúrò nílẹ̀, àbí kí òun dé e. Kò tíì gbọ́ tán.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́, nígbà tí àkókò bá tó láti palẹ̀ mọ́, ẹ pe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ ní kí ó to ìgò, kí ó kó àṣẹ́kù pamọ́, kí ó nu etí agolo kí ó tó dé e, kí ó sì tọ́jú gúlù.