PÈRÈGÚN NÍ ÀÀLÀ ILẸ̀ WA

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti iye owó pupuru, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ẹnì kan nínú wa ní Iyansan fi èrè ọdún mélòó kan ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì. Nígbà tó padà débẹ̀, méjì nínú òpó sìmẹ́ńtì tí wọ́n rì síbẹ̀ ti pòórá, ọgbà aládùúgbò sì ti wọlé sí i. Ta ni yóò jẹ́rìí?

Pèrègún ni àwọn bàbá wa ń gbìn sí ààlà. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í tètè pa á, bí wọ́n sì gé e, á tún rú. Àwọn Chagga tó ń gbé ẹ̀bá òkè Kilimanjaro ní Tanzania náà ń fi í ṣe ààlà. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, yucca, ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ o, orúkọ ló jọra.

Ẹ gé ọ̀pá tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó kí ẹ má baà fi orí rẹ̀ sódì. Àṣìṣe yìí ni kì í jẹ́ kí ti àwọn kan hù. Ẹ fi sí ibòji fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ ìdí rẹ̀ gírígírí.

Àpọ̀jù omi ló ń pa á ju ọ̀gbẹlẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, òjò ibẹ̀ kì í ṣeré. Níbi tí omi bá ti ń dúró, ẹ kọ ebè fún un. Ẹni tó bá ń bomi rin ín láràárọ̀ bí ẹ̀fọ́, ìdí rẹ̀ á jẹrà.

Pèrègún ò rọ́pò ìwé o. Láti ọdún 1978 ni òfin ti fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbìn ín, ẹ pe ẹni tó tà á, ẹ pe àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀, kí aládùúgbò náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ ri ọ̀kan.

Ẹlẹgbẹ́ wa yẹn, àwọn àgbà ti bá a gba ẹ̀gbẹ́ kan padà, pèrègún sì ti wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.