Adájọ́ Barry àti Ilé Ìkàwé Melbourne

Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn adájọ́ kan lónìí. Redmond Barry ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní agbègbè Cork ní ilẹ̀ Áyálándì ní ọdún 1813. Ó kàwé ní ìlú Dublin, ó sì di lọ́yà ní 1838. Ṣùgbọ́n lọ́yà ti pọ̀ jù níbẹ̀, iṣẹ́ kò kárí. Ní 1839, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Melbourne ni ó fìdí kalẹ̀ sí.

Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ni ilẹ̀ yẹn kí àwọn òyìnbó tó gbà á. Bí ẹjọ́ bá kàn wọ́n, Barry a máa gbèjà wọn, bí kò tilẹ̀ rí owó gbà. Ní 1841, wọ́n mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bonjon pé ó pa dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀. Barry sọ pé òfin òyìnbó kò ní agbára lórí ọ̀ràn tí ó wà láàárín àwọn onílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n dá Bonjon sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó tún gbèjà ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta láti erékùṣù Tasmania. Òfin kò gba ẹ̀rí lẹ́nu wọn, nítorí wọn kì í ṣe Kristẹni tí ó lè búra. Wọ́n dá àwọn obìnrin sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yẹgi fún àwọn ọkùnrin. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí a kò gbọ́ tẹnu rẹ̀, báwo ni yóò ṣe jàre?

Barry di adájọ́ ní 1852. Adájọ́ líle ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Kí ìlú tó ní ilé ìkàwé, ó ti ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wá ka ìwé nínú ilé tirẹ̀. Òun ni ó ṣáájú ìdásílẹ̀ ilé ìkàwé Melbourne àti Yunifásítì ibẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, 3 oṣù keje 1854.

Ní 1856, wọ́n ṣí ilé ìkàwé náà pẹ̀lú ìwé 3,846. Wọn kì í gba owó. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọdún 14, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, lè wọlé. Alágbàṣe àti olówó, tábìlì kan náà ni.

Ní 1880, Barry dájọ́ ikú fún Ned Kelly, olè tí ó pa ọlọ́pàá. Ọmọ Áyálándì ni bàbá Kelly náà. Wọ́n yẹgi fún Kelly ní 11 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, Barry kú. Títí di òní, àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn bóyá ẹjọ́ yẹn tọ́.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ní 1879, Kelly sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà gígùn. Ó fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 2000, inú ilé ìkàwé tí Barry dá sílẹ̀ ni lẹ́tà náà wà. Ère adájọ́ dúró níta, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dá lẹ́bi wà nínú ilé.

Àwa tí a mọ ìwé kà, ẹ jẹ́ kí a máa ka ti ọ̀tún, kí a sì ka ti òsì. Ẹnu ẹnìkan kọ́ ni a ti í gbọ́ ẹjọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú Barry kúrò ní Dublin?
2. Èéṣe tí kóòtù kò fi gba ẹ̀rí àwọn ará Tasmania?
3. Ta ni ó lè wọ ilé ìkàwé náà?