Ìtumọ̀ àti Ìlò "Fictitiously"

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "fictitiously". Ó wọ́pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé pé bí a bá rí orúkọ ìlú gidi nínú ìwé náà, "fictitiously" ni a lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá túmọ̀ èyí sí "pẹ̀lú irọ́" ti sọ òǹkọ̀wé di òpùrọ́. Nínú Ó Le Kú (1974) tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìlú gidi ni Ìbàdàn, ẹ̀dá àròsọ ni Àjàní. Ta ni a wá tàn jẹ? "Lọ́nà àròsọ" ni ó bá a mu. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gba owó, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì lè lò. Níbẹ̀, irọ́ pọ́ńbélé ni.